Ẹranko Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹlẹ́dẹ̀ tí a sọ ní Aláìnírù

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n ẹranko kékeré kan ti wà ní ilẹ̀ Ọsirélíà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò wo ilé rẹ̀ dáradára kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n pè é ní aláìnírù, bẹ́ẹ̀ ìrù ń bẹ ní ìdí rẹ̀. Orúkọ náà sì wà nínú ìwé títí di òní, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orúkọ kò sí mọ́. Ó ti run kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Ohun tí ó kù nípa rẹ̀ ni awọ àti egungun díẹ̀ nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwòrán mélòó kan, àkọsílẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò, àti ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu àwọn arúgbó jáde. Ó yẹ kí a mọ irú ẹranko tí ó jẹ́, bí ó ti ṣe parẹ́, àti ìdí rẹ̀ tí ìmọ̀ nípa rẹ̀ fi kéré tó bẹ́ẹ̀.

IRÚ ẸRANKO TÍ Ó JẸ́

Ilẹ̀ Ọsirélíà jìnnà réré sí ilẹ̀ Áfíríkà, òkun ni ó sì yí i ká. Àwọn ẹranko tí ó pọ̀ níbẹ̀ jù ni àwọn tí a lè pè ní ẹranko alápò. Àwọn wọ̀nyí a máa bí ọmọ wọn nígbà tí ó kéré púpọ̀, tí kò ní irun, tí ojú rẹ̀ kò sì tíì là. Ọmọ náà a rá pálá wọ inú àpò kan tí ó wà lára ìyá rẹ̀, a dì mọ́ ọmú, a sì wà níbẹ̀ títí yóò fi lágbára. Kangarúù ni ó lókìkí jù nínú wọn. Kò sí ẹranko alápò kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Lóòótọ́ ni òkété máa ń kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni kó o sínú àpò, ṣùgbọ́n àpò oúnjẹ ni ìyẹn, kì í ṣe àpò ọmọ. Eku sì ni òkété, kò bá àwọn wọ̀nyí tan.

Nínú àwọn ẹranko alápò, ìdílé kan wà tí a ń pè ní báńdíkúùtù. Wọn kò tóbi, ẹnu wọn gùn ṣóńṣó, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi èékánná wú ilẹ̀. Ìyanu ọgbọ́n Ẹlẹ́dàá hàn nínú àpò wọn, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹnu àpò náà kọjú sí, kì í ṣe iwájú. Bí ìyá bá ń wa ilẹ̀, erùpẹ̀ kò lè dà lu ọmọ. Àwọn kan tí ó ṣì wà láàyè nínú ìdílé yìí kì í lóyún ju nǹkan bí ọjọ́ 12 lọ kí wọ́n tó bímọ, èyí tí ó kúrú ju oyún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú lọ. Inú ìdílé yìí ni ẹranko tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ ti jáde.

ÌRÍSÍ RẸ̀

Kì í ṣe ẹranko ńlá rárá. Láti imú rẹ̀ dé ìdí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìnṣì 10 lọ, ìrù rẹ̀ sì tó ìnṣì 4 sí 6. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 200, èyí tí kò tó ààbọ̀ pọ́n-ùn. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkété tí ó dàgbà, òkété yóò tóbi jù ú lọ púpọ̀. Etí rẹ̀ gùn bí etí ehoro, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, irun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí ó pò mọ́ eérú, irun ikùn rẹ̀ sì funfun díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ya ènìyàn lẹ́nu. Àwọn báńdíkúùtù yòókù ní ẹsẹ̀ kúkúrú tí ó ní ìka púpọ̀, tí ó yẹ fún wíwa ilẹ̀. Ti eléyìí gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹtu. Ìka méjì péré ni ó fi ń tẹ ilẹ̀ níwájú, wọ́n sì pín sí méjì bí pátákò ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn, ìka kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo ara rẹ̀ rù, bí ó ti rí ní ẹsẹ̀ ẹṣin. Nítorí náà, ẹranko kan tí kò tó òkété ní ẹsẹ̀ iwájú tí ó jọ ti ẹlẹ́dẹ̀, àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó jọ ti ẹṣin. Kò sí ẹranko alápò mìíràn tí a mọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí báyìí.

Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò dára fún wíwa ilẹ̀ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára fún sísáré ní pápá gbalasa. Eyín rẹ̀ àti ohun tí a bá nínú ìfun rẹ̀ fi hàn pé koríko ni olórí oúnjẹ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn báńdíkúùtù yòókù a máa jẹ kòkòrò àti ekòló púpọ̀. Nítorí èyí, àwọn ọ̀mọ̀wé kà á mọ́ àwọn tí ó kéré jù lọ nínú gbogbo ẹranko tí ń jẹko. Ó máa ń fi koríko tẹ́ ìtẹ́ fún ara rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ń lúgọ sí ní ọ̀sán. Ní ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ púpọ̀, a máa gbẹ́ ihò kúkúrú kan, a sì tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmú mẹ́jọ ni abo rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń tọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju méjì lọ.

BÍ Ó ṢE GBA ORÚKỌ TÍ KÌ Í ṢE TIRẸ̀

Ní ọdún 1836, Thomas Mitchell, olórí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ní New South Wales, ń rin ìrìn-àjò ní ìhà odò Murray. Ní oṣù June ọdún náà, ẹranko kékeré kan sá wọ inú ihò igi, wọ́n sì mú un jáde níbẹ̀. Mitchell yẹ̀ ẹ́ wò, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jọ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ó tún kíyèsí i pé kò ní ìrù.

Òótọ́ ni ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ó rí. Ẹyọ náà sì ti pàdánù ìrù rẹ̀ ni. Nígbà tí ìròyìn náà dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, onímọ̀ ẹranko kan tí ń jẹ́ William Ogilby gbé orúkọ jáde fún un ní ọdún 1838. Orúkọ náà ni Chaeropus ecaudatus. Ìtumọ̀ èkíní ni ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ìtumọ̀ èkejì sì ni aláìnírù. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí a rí àwọn mìíràn, ìrù sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n òfin àwọn ọ̀mọ̀wé ni pé orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ ẹranko nínú ìwé ni yóò máa jẹ́, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá a mu. Báyìí ni ẹlẹ́rù ìrù ṣe ń jẹ́ aláìnírù títí ó fi kú tán.

Ẹnikẹ́ni lè rẹ́rìn-ín sí èyí, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà kò dúró nínú ìwé nìkan. Ní ọdún 1856 sí 1857, àwọn kan láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Melbourne, tí William Blandowski jẹ́ olórí wọn, lọ sí ibi tí odò Murray àti odò Darling ti pàdé, láti kó àwọn ẹranko ibẹ̀ jọ. Gerard Krefft, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wà pẹ̀lú wọn. Krefft fẹ́ rí ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí gidigidi. Ó mú àwòrán tí Mitchell yà, ó fi han àwọn onílẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wá a.

Àwọn ènìyàn náà wo àwòrán, wọ́n sì rí i pé ẹranko tí kò ní ìrù ni àlejò yìí ń fẹ́. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n lọ mú báńdíkúùtù tí ó wọ́pọ̀, wọ́n yọ ìrù rẹ̀ kúrò, wọ́n sì gbé e tọ Krefft wá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí kò tọ̀nà àti àwòrán tí kò pé ti dí ọ̀nà ìmọ̀ mọ́ ẹni tí ń wá ìmọ̀.

Nígbẹ̀yìn, ojúlówó rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Ó sìn ín láàyè fún ìgbà díẹ̀, ó fún un ní koríko àti ewé, ó sì kíyèsí i pé a máa lúgọ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta kébékébé kiri. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa ìwà ẹranko yìí nígbà tí ó wà láàyè, láti ọwọ́ Krefft ni ó ti wá. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi bò pé ẹran rẹ̀ dùn, àti pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ebi borí ìfẹ́ tí òun ní sí ẹ̀kọ́. Nígbà náà kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé iye rẹ̀ tí ó kù láti rí kò pọ̀ mọ́.

BÍ Ó ṢE PARẸ́

Awọ kan tí a rí ní ọdún 1901 ni a kà sí ìkẹyìn tí ó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ọjọ́ tí Mitchell ti rí i títí di ọdún náà, ọdún 65 péré ni. Gbogbo èyí tí ó wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé kò ju 29 lọ.

Àwọn ènìyàn a máa fẹ́ di ẹ̀bi ru ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀ràn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí a lè tọ́ka sí nìwọ̀nyí:

Èkíní, ẹran ọ̀sìn. Àwọn òyìnbó kó àgùntàn àti màlúù lọ sí pápá Ọsirélíà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn wọ̀nyí jẹ koríko mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko kékeré kò rí oúnjẹ jẹ, tí kò sì rí ibi lúgọ sí. Ní ìhà odò Murray, ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n ní ìgbà ayé Krefft, kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó dé ibẹ̀ rárá.

Èkejì, ológìnní. Ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ tí ó kó àwọn òyìnbó wá tẹ̀dó ní ọdún 1788 ni ó kó ológìnní wá pẹ̀lú. Ológìnní tí ó ya igbó di ọdẹ òru, ó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹranko kékeré tí kò bá irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ gbé rí kò mọ bí a ti ń yẹra fún un.

Ẹ̀kẹta, ehoro àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ní ọdún 1859, olóko kan tí ń jẹ́ Thomas Austin tú ehoro mélòó kan sílẹ̀ nínú oko rẹ̀ ní Barwon Park, nítòsí Geelong, kí ó lè máa rí ẹran dọdẹ. Wọ́n bí síi títí wọ́n fi bo ilẹ̀ bí eéṣú. Ní nǹkan bí ọdún 1870 sí i, a kó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wá fún eré ọdẹ. Ehoro jẹ koríko, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ ẹranko. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibìkan, ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti parẹ́ kí àwọn méjèèjì wọ̀nyí tó dé, nítorí náà a kò lè dá wọn nìkan lẹ́bi.

Ẹ̀kẹrin, iná. Ohun yìí ni ó yẹ kí àgbẹ̀ kíyèsí jù. Ó lé ní 40,000 ọdún tí àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà ti ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ní ọgbọ́n iná sísun. Wọn kì í sun gbogbo pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn a sun ìwọ̀nba níhìn-ín lónìí, wọn a sì sun ìwọ̀nba lọ́hùn-ún nígbà mìíràn. Nípa báyìí, koríko tútù tí ó ń hù wà nítòsí koríko gíga tí kò jóná. Ẹranko kékeré a jẹun nínú ti tútù, a sì sá pamọ́ sínú ti gíga. Nígbà tí a lé àwọn onílẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ wọn, tí àwọn mìíràn sì lọ ń gbé ní àwọn ibùdó, kò sí ẹni tí yóò sun pápá bẹ́ẹ̀ mọ́. Koríko gbẹ, ó sì di òkìtì. Bí mànàmáná bá kọ lù ú, iná a ràn, kò sì ní dúró títí yóò fi jó ọ̀pọ̀ máìlì ilẹ̀. Àgbẹ̀ gbogbo ló mọ̀ pé iná tí a ṣọ́ yàtọ̀ sí iná tí ó já. Lẹ́yìn irú iná bẹ́ẹ̀, ẹranko tí kò jóná kò rí koríko jẹ, kò rí ibi sá sí, ológìnní sì ń dúró dè é.

Àwọn ọ̀ràn mẹ́rin wọ̀nyí ran ara wọn lọ́wọ́. Èyí tí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, èkejì a pa á. Ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú tí ó ti run ní Ọsirélíà láti ọdún 1788 lé ní irú 30, ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

OHUN TÍ ÀWỌN ÀGBÀ MỌ̀

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ẹranko yìí ti tán ní ọdún 1901 tàbí láìpẹ́ sí i. Àwọn tí ó mọ̀ dájú pé kò rí bẹ́ẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí i, àwọn olùwádìí kan kó awọ àwọn ẹranko láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì gbé wọn lọ bá àwọn àgbà onílẹ̀ ní àárín aṣálẹ̀. Wọ́n tẹ́ awọ náà kalẹ̀ níwájú wọn, wọ́n sì béèrè pé, Ǹjẹ́ ẹ mọ eléyìí? Ní ọdún 1988 ni ìwé ìwádìí náà jáde.

Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Wọ́n sọ ilẹ̀ tí ó ń gbé àti ìtẹ́ tí ó ń tẹ́. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn ni a ti mọ̀ pé ó ṣì wà ní aṣálẹ̀ Gibson àti aṣálẹ̀ Great Sandy títí di nǹkan bí ọdún 1950 sí i, ìyẹn ni pé ó tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìgbà tí ìwé ti kà á mọ́ òkú. Arìnrìn-àjò òyìnbó kan ti kọ ọ́ rí pé ìrìn rẹ̀ dà bí ti ẹṣin tí ó ti rẹ̀, tí ń wọ́ ẹ̀yìn nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó ti dọdẹ rẹ̀ sọ pé bí a bá dẹ́rù bà á, a sáré bí ọfà. Òyìnbó rí i nígbà tí ó ń rìn. Àwọn onílẹ̀ rí i nígbà tí ó ń sá.

Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀mọ̀wé tí Kenny Travouillon ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ṣáájú wọn tún yẹ àwọn awọ àti egungun 29 náà wò. Wọ́n wọn eyín, ìrù, àti ẹsẹ̀, wọ́n sì rí i pé irú méjì ni ó ti wà, kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí ó gbé ní ìhà gúúsù ni ó jogún orúkọ aláìnírù. Èyí tí ó gbé inú iyanrìn aṣálẹ̀, tí ìrù rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju ti èkíní lọ, gba orúkọ tuntun, Chaeropus yirratji. Yirratji jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń pè é. Nígbà kejì yìí, a wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ti kú kí ìsọmọlórúkọ tó dé.

Ẹ̀KỌ́ FÚN OLÓKO ÀTI ỌDẸ

Ọ̀ràn àwọn ìbátan rẹ̀ kò tíì bọ́ sórí. Láti ọdún 1997, ní ìtòsí Roxby Downs ní gúúsù Ọsirélíà, a ti fi wáyà ṣe ọgbà ńlá ká ilẹ̀ kan, a kó ológìnní, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ehoro kúrò nínú rẹ̀, a sì dá àwọn ẹranko kékeré padà síbẹ̀, tí báńdíkúùtù wà lára wọn. Wọ́n ń bí, wọ́n sì ń rẹ̀. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àìlera ara wọn ni ó ń pa wọ́n. Ilẹ̀ tí a bá tún ṣe, ẹranko a tún máa gbé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹranko àjèjì wá sínú oko, kí ó kọ́kọ́ ro ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò pa, nítorí pé ehoro Austin kò padà sínú àgò mọ́. Ẹni tí ó bá ń sun oko, kí ó ṣọ́ iná rẹ̀. Àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọdẹ àgbà tí ó mọ orúkọ gbogbo ohun tí ń rìn nínú igbó, tí ó mọ ìgbà tí wọ́n ń bímọ àti ohun tí wọ́n ń jẹ, ìwé ni òun náà. Kí àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé jókòó tì í, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń jáde, tí ẹranko náà sì ṣì ń bẹ nínú igbó láti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé.